Ẹ̀dínwó owó orí Amẹ́ríkà lórí ọmọ tó ti dàgbà tó sì ní ìpèníjà: ìtọ́sọ́nà fún àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀pọ̀ òbí tó ti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ló gbà pé bí ọmọ bá ti pé ọdún 19, tàbí ọdún 24 tó bá wà nílé ìwé gíga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwé owó orí òbí. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Ti ọmọ tí ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ jẹun yàtọ̀. Òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò ka ọjọ́ orí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rárá: ó lè jẹ́ ẹni ọdún 22, ó lè jẹ́ ẹni ọdún 45. Ohun tí wọ́n máa wò ni ibi tó ń gbé, ẹni tó ń bọ́ ọ, àti ohun tí dókítà kọ nípa rẹ̀. Nídìí nǹkan mẹ́ta yìí ni owó ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń há.

Gbogbo iye tí a kọ síbí jẹ́ ti ọdún 2025, èyí tí gbèdéke ìwé rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2026. Ẹni tó bá fẹ́ sún un síwájú lè fi fọ́ọ̀mù 4868 tọrọ àyè di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n owó tó bá jẹ ìjọba kò ní àfikún ọjọ́ kankan.

Èló ló wà níbẹ̀?

Dọ́là 500 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Credit for Other Dependents. Ọmọ tó bá ti pé ọdún 17 kò sí nínú Child Tax Credit (ẹ̀dínwó owó orí lórí ọmọdé) mọ́, àfi èyí. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń kà sí èèyàn lọ́wọ́, owó orí tí ẹ jẹ ni wọ́n fi ń gé kù. Bí ẹ kò bá jẹ owó orí rárá, kò sí ohun tó máa gé. Òun sì ló kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.

Èyí tó tóbi ni EITC (Earned Income Tax Credit), owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ìjọba máa ń san òun jáde, bí ẹ kò tilẹ̀ jẹ gbèsè owó orí kankan. Ẹni tó ní ọmọ kan lè gbà tó dọ́là 4,328, ọmọ méjì 7,152, mẹ́ta sókè 8,046. Fún ọmọ kan, owó tó wọlé fún yín lọ́dún kò gbọdọ̀ tó 50,434, tàbí 57,554 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé kan. Èrè orí owó ìdókòwò kò gbọdọ̀ ju 11,950 lọ. Ìkẹta ni ipò head of household (olórí ilé: ẹni tí kò sí ọkọ tàbí aya nílé, tó ń gbọ́ bùkátà ilé), tó ń mú kí owó tí wọn kò ní bu owó orí lé pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Obìnrin kan tí kò sí ọkọ nílé ń gba dọ́là 32,000 lọ́dún nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Houston, òun ló ń dá ilé gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 27 tó ní cerebral palsy (àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè darí ara rẹ̀ dáadáa), ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá kọ ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá wà, owó orí rẹ̀ máa tó bíi dọ́là 1,710. Bó bá fi ọmọ náà sí i, owó tí wọn kò ní fọwọ́ kàn á gòkè láti 15,750 sí 23,625, owó orí á já wálẹ̀ sí bíi 840, dọ́là 500 á tún gé e kù sí bíi 340. Lẹ́yìn náà ni EITC á wá mú bíi 2,940 wọlé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì lé ní dọ́là 4,300, lọ́dún kan péré.

Ìpínlẹ̀ mìíràn tún ní tirẹ̀. Maryland, New York, New Jersey àti Illinois ní EITC ti ìpínlẹ̀, tó ń gun orí ti ìjọba àpapọ̀. Texas kò gba owó orí lórí owó iṣẹ́, nítorí náà kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí tí òfin mọ̀

Nílé wa, ọmọ tí èèyàn tọ́ ni ọmọ rẹ̀. IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí, ọmọ tí ọkọ tàbí ìyàwó gbé wá, ọmọ tí ẹ gbà tọ́ nílé ẹjọ́, ọmọ tí àjọ tó ní àṣẹ fà lé yín lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín (títí kan ọmọ bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan), àti ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn wọ̀nyí: gbogbo wọn wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò wọlé sí EITC, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọ̀rẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ yín láti kékeré, àyàfi tí ilé ẹjọ́ tàbí àjọ bá ti fà á lé yín lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ni, ìwé ẹyọ kan kò ní tó. Wọ́n máa fẹ́ rí ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà, ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó bí i, àti ti ẹ̀yin gan-an, kí orúkọ òbí kan náà lè so ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọdún 1992 sábà máa ń lo ìwé ẹ̀rí tí NPC, àjọ ètò ìkànìyàn Nàìjíríà, ń kọ dípò ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹ tètè rán ẹnì kan ní Àkúrẹ́ lọ gbà á, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí lẹ́tà bá dé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ sípẹ́lì orúkọ wò lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: bí ìwé kan bá kọ Oluwaseun tí èkejì kọ Seun, tàbí tí orúkọ bàbá dúró níbi tó yẹ kí orúkọ ìdílé wà, ẹ lọ búra ní kóòtù gíga Àkúrẹ́ pé ẹnì kan náà ni, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra náà pamọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Fún EITC, nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn) tó fàyè gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀yin, ẹnìkejì yín nínú ìgbéyàwó tí ẹ bá jọ kọ ìwé, àti ọmọ náà, ó sì gbọ́dọ̀ ti jáde kí gbèdéke ìwé ọdún náà tó pé. ITIN, nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò lè gba ti Social Security, kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún dọ́là 500, bí ọmọ náà bá jẹ́ olùgbé Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin owó orí.

Owó SSI ọmọ, àti ẹni tó ń bọ́ ọ

Ibí yìí ló ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. SSI, owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akàndá ẹ̀dá tí kò ní owó tó pọ̀, kì í ṣe owó tí wọ́n ń bu owó orí lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi SSI ọmọ san lára owó ilé àti oúnjẹ rẹ̀, wọ́n lè kà á sí pé ọmọ náà ń bọ́ ara rẹ̀. Bí ohun tó fi bọ́ ara rẹ̀ bá ju ìdajì gbogbo ìnáwó orí rẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tí ẹ ń bọ́ mọ́ lójú òfin: dọ́là 500 lọ, ipò head of household náà lè tẹ̀ lé e. EITC dúró síbẹ̀, torí òun kò béèrè ẹni tó ń bọ́ ọmọ.

Nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ kọ iye tí yàrá rẹ̀ ì bá mú wọlé tó bá jẹ́ pé ẹ fi háyà ni, ìpín rẹ̀ nínú oúnjẹ, aṣọ, oògùn tí inṣọ́ránsì kò san, ọkọ̀ sí kíníìkì. SSI tí ọmọ kò ná kò wọ inú ìṣirò yìí. Ìdí kan nìyẹn tí àkáǹtì ABLE, àkáǹtì ìpamọ́ fún ẹni tó ní ìpèníjà, fi dára: owó tó bá wà níbẹ̀, títí dé dọ́là 100,000, kò ní ba SSI jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là 2,000 péré ni SSI fàyè gbà kí ẹnì kan ní ní ìpamọ́. Títí ìparí ọdún 2025, ìpèníjà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 26. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọ́n ti sún un dé ọdún 46.

Lẹ́tà dókítà

Bí ẹ bá fẹ́ lo gbogbo agbára yín sí ibì kan, ẹ lò ó síbí. Òfin béèrè nǹkan méjì pọ̀: pé ọmọ náà kò lè ṣe iṣẹ́ gidi tó ń mówó wọlé nítorí àìlera ara tàbí ti ọpọlọ, àti pé dókítà sọ pé àìlera náà ti wà tàbí pé ó máa wà láìdáwọ́ dúró fún ọdún kan ó kéré tán, tàbí pé ó lè yọrí sí ikú.

Orúkọ àìsàn nìkan kò tó. Dókítà tó bá kọ pé ọmọ ní autism (ìpèníjà ọpọlọ tó ń kan ìbánisọ̀rọ̀ àti ìwà) kò tíì sọ nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní autism ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kọ pé ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́ láti wẹ̀ àti láti jẹun sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í léèrè nìyẹn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó lo èdè òfin gan-an, bí àpẹẹrẹ: “He cannot engage in any substantial gainful activity because of this condition. It has lasted, or can be expected to last, continuously for at least a year.” Kó kọ orúkọ ọmọ bó ṣe wà lórí káàdì Social Security, ọjọ́ ìbí, orúkọ àìlera, ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, àti ọdún owó orí tí lẹ́tà náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lórí ìwé tó ní orúkọ kíníìkì lókè, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù.

Dókítà tó ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà ló yẹ kó kọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe ju fáìlì àtijọ́ nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ní cerebral palsy, jọ́ńdíìsì tàbí àìrí èémí mí nígbà ìbí ló fà á, káàdì ilé ìwòsàn Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tí wọ́n fi tọ́jú ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn sì lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo nípa ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú méjèèjì kí ohun tí wọ́n kọ sí i tó parẹ́. Dókítà Amẹ́ríkà á fi kọ ọdún ìbẹ̀rẹ̀, àkáǹtì ABLE náà á sì nílò rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń lọ ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn akàndá ẹ̀dá, ìyẹn kò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ tó kún wákàtí, tí owó rẹ̀ tó owó oṣù tó kéré jù lọ, máa bà á jẹ́.

Lẹ́tà náà kì í bá ìwé owó orí lọ. Inú fáìlì yín ló ń gbé títí wọ́n á fi béèrè.

Ọmọ tó wà nílé, ní Àkúrẹ́

Ṣé èèyàn lè kọ ọmọ tó wà nílé sínú ìwé owó orí Amẹ́ríkà? Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi wá jù. Ìdáhùn rẹ̀ kì í dùn mọ́ èèyàn.

Bí ọmọ kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kì í sì í ṣe olùgbé ibẹ̀, kò lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń bọ́ nínú ìwé yín. Iye owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kò yí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń san owó oògùn, olùtọ́jú àti ilé.

Bó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá yín ní Ìjàpọ̀, EITC àti head of household ti jáde, torí àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí ọmọ gbé pẹ̀lú yín ju ìdajì ọdún lọ; ti EITC tilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú Amẹ́ríkà. Dọ́là 500 ṣì lè bọ́ sí i lọ́nà mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní qualifying relative: kí owó tó ń wọlé fún ọmọ tí wọ́n lè bu owó orí lé má tó 5,200 lọ́dún, kí ẹ̀yin sì máa pèsè ju ìdajì ìnáwó rẹ̀ lọ. Ẹ tọ́jú risíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ìyá àgbà sì ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ohun tó ná lé ọmọ lórí sí: owó físíò, ìlédìí, oògùn wárápá, owó ọmọ ọ̀dọ̀. Risíìtì ìfowóránṣẹ́ láìsí ìwé ìnáwó kò fi hàn pé orí ọmọ yẹn ni owó náà lọ, pàápàá nígbà tí èèyàn márùn-ún ń jẹ nínú ìkòkò kan náà.

Ọmọ tó kàn wá lo oṣù díẹ̀ nílé, tàbí tó lọ sí ilé ìwé àkànṣe tàbí ilé ìwòsàn tí yóò sì padà, ṣì jẹ́ ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti lẹ́tà ilé ìwé pamọ́. Ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Àkúrẹ́, tó ń wá kí yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, kò sí lábẹ́ èyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó wà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń san owó orí fún iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò ní ẹ̀dínwó kankan lórí ọmọ lábẹ́ Nigeria Tax Act 2025 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026. Ohun tó wà ni pé náírà 800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ háyà (kò gbọdọ̀ ju náírà 500,000 lọ) máa kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu owó orí lé, VAT kò sì sí lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti ìwé braille. Ẹ wo risíìtì dáadáa nígbà tí ẹ bá ń ra kẹ̀kẹ́ náà.

Lórí fọ́ọ̀mù

Ẹ kọ orúkọ ọmọ sí ibi tí wọ́n ń kọ àwọn tí ẹ ń bọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù 1040. Schedule 8812, ìwé àfikún tó ń bá fọ́ọ̀mù náà lọ, ló ń ṣírò dọ́là 500. Fún EITC, ẹ so Schedule EIC mọ́ ọn. Ìlà 4b níbẹ̀ ló ń béèrè bóyá ọmọ jẹ́ permanently and totally disabled (aláìlera pátápátá títí lọ) nígbà kankan nínú ọdún náà. Ẹni tó bá fo ìlà yìí, sọ́fítíwíà á rí ọjọ́ ìbí, á sì yọ ọmọ kúrò láìsọ nǹkan kan fún yín. Ní gbogbo ìgbà tí EITC bá wà nínú ìwé, IRS kò ní san owó náà ṣáájú àárín oṣù kejì.

Bí ẹ bá ń sanwó fún ẹni tó ń dúró ti ọmọ kí ẹ̀yin lè lọ síbi iṣẹ́, fọ́ọ̀mù 2441 wà fún ìyẹn. Ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀ náà, bí ọmọ kò bá ti lè tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n á ka owó tó tó 3,000 fún ẹnì kan, 6,000 fún méjì sókè, wọ́n á sì fún yín ní ìdá 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ìyá àgbà tó ti Oǹdó wá bá yín gbé ni wàhálà ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà owó orí ẹni tó gba owó, ẹni tó sì wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ owó. Ẹ fi mámà sílẹ̀ kúrò nínú ìwé yẹn.

Àwọn òbí tí ìpínlẹ̀ ń sanwó fún láti tọ́jú ọmọ wọn nílé lábẹ́ Medicaid waiver (ètò ìlera ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú nílé) ní ànfàní tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ọmọ bá ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín, ẹ lè yọ owó náà kúrò nínú èyí tí wọ́n ń bu owó orí lé, lórí Schedule 1 ìlà 8s, síbẹ̀ kí ẹ kà á mọ́ owó iṣẹ́ fún EITC. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa kà, tàbí kí ẹ má kà á rárá; ẹ kò lè ka ìdajì. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì, torí nígbà míì kíkà á ló ń ti EITC wálẹ̀.

Ẹni tó bá gbowó ṣe ìwé fún yín gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì kọ nọ́ńbà PTIN rẹ̀, èyí tí IRS ń fún ẹni tó ń gbowó ṣe ìwé. Èyí tó bá ní òun máa gba ìdá kan nínú owó tó bá jáde, tí kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn, ẹ sá fún un. Àwọn ibùdó VITA, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe ìwé owó orí, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí lẹ́tà CP75 bá dé

Lẹ́tà yìí ni IRS fi ń yẹ EITC wò; kì í ṣe ẹ̀sùn. Wọ́n dá owó dúró, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí láàárín 30 ọjọ́: ìbátan, ibùgbé, àìlera. Ìbátan àti àìlera rọrùn bí ẹ bá ti ṣe ohun tí a sọ lókè. Ibùgbé ló ń ṣubú, torí ọmọ tó ti dàgbà kò ní ìwé ilé ìwé mọ́. Ẹ lọ bá kíníìkì, ibi tó ń lọ lójú ọ̀sán, tàbí onílé, kí wọ́n kọ lẹ́tà tó ní orúkọ ọmọ, àdírẹ́sì tó bá ti ìwé owó orí yín mu, àti ọjọ́ tó bo ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ọdún náà gan-an. Ibi tó máa ń yẹ̀ ni pé kíníìkì á kọ àdírẹ́sì tí ẹ ń gbé báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ilé mìíràn lẹ wà ní ọdún tí wọ́n ń béèrè. Lẹ́tà mọ̀lẹ́bí nìkan kò ní tó.

Bí bàbá ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kọ orúkọ ọmọ kan náà sínú ìwé tirẹ̀, kọ̀ǹpútà lè dá ìwé yín padà. Ẹ gba IP PIN (nọ́ńbà àṣírí tí IRS fi ń dá ẹni tó kọ ìwé mọ̀) lórí irs.gov, ẹ fi í sínú ìwé, kí ẹ tún fi í ránṣẹ́. Òbí ló ń borí ẹni tí kì í ṣe òbí. Láàárín òbí méjì tí kò jọ kọ ìwé, ẹni tí ọmọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù ló ni ín.

Ẹni tí wọ́n bá fi EITC dù lẹ́yìn àyẹ̀wò máa nílò fọ́ọ̀mù 8862 kó tó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ kò bìkítà fún òfin, ìdènà ọdún méjì ni. Bó bá jẹ́ jìbìtì, ọdún mẹ́wàá.

Bó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ yẹ nínú ìwé àwọn ọdún tó kọjá, ẹ lo fọ́ọ̀mù 1040-X, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta lẹ ní láti ìgbà tí ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ so Schedule EIC ọdún yẹn mọ́ ọn, kí lẹ́tà dókítà sì dárúkọ gbogbo ọdún tí ẹ ń tún ṣe. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, nígbà míì mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ lè máa wo ibi tó dé lórí irs.gov.